Ohun Tí Gbádé Sọ Nípa Ọwọ́ Ràímì

Bí ọkọ̀ ayé àtijọ́ bá dákẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Ọ̀fà, ọ̀dọ̀ Ràímì ni wọ́n ń wọ́ ọ lọ, ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Pijó 504 o, Fọksiwájìn ìjàpá o, òun ló ń jí wọn dìde. Òun àti Gbádé ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀gá kan ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́, ìdí iṣẹ́ yìí náà ni wọ́n sì jọ darúgbó sí.

Nígbà tó yá, làkúrègbé mú Ràímì ní orúnkún àti oríkèé ìka. Bí ọyẹ́ bá mú, kò lè di sípánà mú àfi bí oòrùn bá ràn. Gbádé nìkan ló sọ ọ́ fún. Gbádé ní kó fọkàn balẹ̀, òun á máa bá a tú nọ́ọ̀tì tó bá le. Ó sì ń ṣe é lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ làwọn oníbàárà ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọn á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn á sì kó kọ́kọ́rọ́ fún Gbádé. Ràímì rò pé bí ayé ṣe ń yí ni, títí ó fi pàdé Alhaja Hikmat, tíṣà tó jogún Pijó bàbá rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó bi í bí ọkọ̀ náà ṣe ń rìn. Alhaja wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n ní ọwọ́ yín ti kú, pé búrẹ́ẹ̀kì tẹ́ ẹ bá tún ṣe lè pààyàn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá Gbádé ni."

Ràímì rọra rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ Pijó Alhaja gan-an ló bá Gbádé. Ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ náà. Gbádé ò tilẹ̀ yọrí jáde.

"Ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún, Gbádé."

Gbádé tún na ọwọ́ mú sípánà. Ó ń báṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ náà ni Ràímì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Gbádé rán àwọn àgbà àdúgbò sí i pé kó padà. Ràímì ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n òun ò lè bá a jókòó mọ́. Ìjàpá kan ṣoṣo ló kù tó ń tún ṣe lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ tí ì bá parí láàárọ̀ ń di ti ọ̀sẹ̀.

Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ rí i lọ́jọ́ ọyẹ́ kan pé oríkèé ìka rẹ̀ wú, ó bi í pé kí ló ṣe é.

"Òòlù ló bà mí," ló wí, ó sì ti ọwọ́ bọ àpò.