Ẹ̀kán Omi Tó Kọ̀ Láti Gbẹ

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan lákòókò òjò, nígbà tí wọ́n mú iná lọ ní láàbù wa. Ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́. Mo ṣí fèrèsé, mo sì padà sídìí ẹ̀kán kékeré tí mo ń ṣọ́ lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi lójú. Omi, ọtí àti gilisarín ni mo pò pọ̀, irú gilisarín tí a máa ń fi para nígbà ọyẹ́. Kọ̀ǹpútà mi ti ṣírò bí yóò ṣe máa kéré sí i: ọtí á kọ́kọ́ fẹ́ lọ, omi á tẹ̀lé e, gilisarín nìkan ni yóò kù. Ẹ̀kán náà kò gbọ́. Ó kéré díẹ̀, ó dúró, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi.

Mo tún wò ó, ó ṣì ń tóbi. Bàbá mi, tó ń ti ilé wa ní Ìbarà lọ síṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́, ti bá mi wá àyè iṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn. Ó ní bí iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì bá yọrí, òun á jẹ́ kí n kàwé sí i. Bí kò bá yọrí, kí n múra àtilọ sí Èkó. Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, inú sì tún ń bí mi sí ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó gbẹ.

Olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi wọlé, ó ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀.

“Ẹ káàsán, mà. Iṣẹ́ mi ti bàjẹ́.”

“Ta ló bà á jẹ́? Ìwọ àbí òun?” Ó wojú awò, ó rẹ́rìn-ín. “Afẹ́fẹ́ wo lo sọ fún kọ̀ǹpútà rẹ?”

“Ti àárọ̀, mà.”

“Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù ṣì ń ṣiṣẹ́? O wá ṣí fèrèsé sí òjò, o ń retí kó gbẹ? Aṣọ tó o sá láàárọ̀, ṣé ó ti gbẹ ni?”

Kò tíì gbẹ.

Gilisarín ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Mo wọn ọ̀rinrin yàrá náà, mo sì tún ìṣirò mi kọ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè máa yí padà bí iná bá ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ìlà tí kọ̀ǹpútà yà wálẹ̀ díẹ̀, ó dúró, ó sì gòkè, bí ẹ̀kán náà ti ṣe gẹ́lẹ́. Mo pariwo. Mo ṣàlàyé ìlà náà fún àwọn tó yẹ iṣẹ́ mi wò, wọ́n sì ní ó yọrí.

Bàbá mi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó ní, “Ó dáa, kàwé rẹ. Ṣùgbọ́n kí ni kí n sọ fún àwọn èèyàn pé ò ń ṣe? Pé ò ń ṣọ́ omi?”

Mo mọ̀ pé mo lè ṣírò bí ẹ̀kán mìíràn náà ṣe ń gbẹ. Èyí tí màá kọ́kọ́ mú ni mi ò tíì mọ̀: ṣé kùrukùru àárọ̀ orí odò Ògùn ni, àbí lọ́fínńdà tí ìyá mi ń tà ní Láfẹ́nwá, tí àwọn oníbàárà ń ráhùn pé òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ lára? Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èwo ni bàbá mi á lè fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn tí wọ́n jọ ń wọkọ̀ lọ sí Èkó?