Kọ̀ǹpútà Akọ̀wé Ìran

Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sabon Gari, ní Kano, máa ń rùn fún tùràrí, àbẹ́là àti epo dísù àwọn mẹkáníìkì tó wà lódìkejì ògiri. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn tùràrí, ojú máa ń tì mí. Ibẹ̀ ni ìyá akọ̀wé ìran, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Mama, ń jókòó sí. O mọ ìṣe àwa Aládùúrà: bí ẹ̀mí bá gbé ẹnì kan tó ń ríran, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, torí aríran kì í sábà rántí ohun tó sọ. Ìyá yìí ti fi gègé kọ ọ́ lọ́pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ra kọ̀ǹpútà tòkúńbọ̀ kan fún un, ó sì fi sùúrù kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà wá ń falẹ̀ bí ìgbín, èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Zoo Road ni wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo lè fi dẹ́sítọ́ọ̀pù fúyẹ́fúyẹ́ kan, ìyẹn ètò tó ń gbé ojú kọ̀ǹpútà jáde, sí i, kí àwọn àwòrán kéékèèké tí Mama ń fi máósì tẹ̀ ṣì wà níbi tó mọ̀ wọ́n sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí èmi fúnra mi ń lò ni mo fi sí i: kò ní àwòrán kankan, kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, ó sì máa ń to gbogbo ohun tí a bá ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí táìlì ilẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí i, kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀gá. Mama béèrè ibi tí àwọn àwòrán rẹ̀ wà. Mo ní kò nílò wọn mọ́, mo kọ àwọn bọ́tìnì sínú ìwé pélébé fún un, mo bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ríran nípa aboyún kan, pé kí ìjọ gbààwẹ̀ fún un. Nígbà tí Bàbá Olùṣọ́àgùntàn ní kí wọ́n ka iye ọjọ́ ààwẹ̀ tí ìran náà sọ, Mama tẹ bọ́tìnì kan, gbogbo ohun tó ti kọ pòórá, ojú kọ̀ǹpútà ṣú dùdù. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí látinú ẹgbẹ́ akọrin. Mama wo ojú mi.

“Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?”

“Bóyá ẹ tẹ ohun tí kò yẹ, Mama.”

“To,” ló wí, ìyẹn “ó dáa”, bí àwa ará Kano ti í wí.

Ẹyin lohùn. Bàbá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé àgbà ti dé, kí wọ́n jẹ́ kí Mama sinmi. Ó kó kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lé arábìnrin kan lọ́wọ́, ẹni tó jẹ́ pé bí o bá bá a sọ Yorùbá, Hausa ló máa fi dá ọ lóhùn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo dá dẹ́sítọ́ọ̀pù tó ní àwòrán padà fún arábìnrin náà. Kò gbà mí tó wákàtí kan.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni Mama ń jókòó sí báyìí, pẹ̀lú ìwé lórí itan. Ó ṣì ń kọ gbogbo ìran tó bá gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Inú ń bí mi sí ara mi, ju bí mo ṣe lè sọ fún ọ lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n láàárín ìjọ ni mo fi ra oyè ọ̀gá. Bó bá rí mi, á fi Hausa kí mi kú iṣẹ́ pé, “Sannu da aiki, ọmọ mi.” Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń múra láti jẹ́wọ́ fún un. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, màá sì dìde.