Ìrìn Adìẹ Òpìpí

Màámi ni mo wò tí mo fi ya adìẹ òpìpí náà, adìẹ tí ìyẹ́ kò bò lára tó gbajúmọ̀ ju olówó lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Màámi ti rọ láti kékeré. Bí wọ́n bá ń lọ sídìí kànga nílé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, ìdí á kọ́kọ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ á gbá ìró mú, ẹsẹ̀ tó rọ á wá tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ìrìn náà. Òun ni mo fi ń dá wọn mọ̀ lókèèrè bí wọ́n bá ń tọjà bọ̀.

Owó epo rọ̀bì tó kún ìlú nígbà kan ló gbé mi dédìí iṣẹ́. Láyé ìgbà náà, ẹni tí kò ní bàtà gan-an ń ra tẹlifíṣọ̀n, ilé iṣẹ́ fíìmù kan ní Ìkẹjà sì ń wá ẹni tó lè ya àwòrán tó ń rìn fáwọn ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ bàbá mi tí ìyá tirẹ̀ ń gbé ní Ìgàndò, ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló mú mi wọlé. Orí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara la ti ń ya àwòrán, ká tó fi kámẹ́rà yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí adìẹ náà tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì, mo ti ya àwòrán méjìlá. Ẹ̀gbọ́n mi ya igi àti ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Igi rẹ̀ dára, n ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá àgbà wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú. Ó ní, "Ta ló ya adìẹ yìí?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

Ẹ má pè mí ní òmùgọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: àbúrò á gbé iyì fún ẹ̀gbọ́n lójú àlejò, ẹ̀gbọ́n náà á sì dá a padà kíákíá, á ní, "Rárá o, àbúrò mi ló ṣe é." Mo ti ṣe tèmi. Mo dúró de tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó ní, "A dúpẹ́, sà."

Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ sí ìparí fíìmù. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Ìkọ̀tún dé Ìpájà fi ń fa ẹsẹ̀ bí òpìpí lọ sílé ìwé. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Ó ní, "Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ pé èmi ni, jàre. Ṣé kí n wá pè ọ́ lónírọ́ lójú ọ̀gá ni?" Inú bí mi dé egungun. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Síbẹ̀, ìyẹn ò dùn mí tó ọ̀sán Sátidé tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi àti Màámi ń wò ó ní fàráńdà aládùúgbò wa. Wọ́n bi í pé níbo ló ti rí ìrìn náà. Ó ní, "Ìrìn ìyá mi ni." Ìyá rẹ̀ tó ń rìn gbọnrangandan bí ṣọ́jà.

Mo yíjú sí Màámi. Wọ́n ń fi adìẹ tó ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n náà rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Ta ló ń rí ẹ̀yìn ara rẹ̀? Bí mo bá ní èmi ni mo yà á, àfi kí n sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ wọn ni gbogbo ìlú ń fi ṣẹ̀rín.

Màámi ní, "Ọmọ yẹn fẹ́ràn ìyá rẹ̀ o. Ọlọ́run á bù kún un." Wọ́n wá wò mí. "Ìwọ ńkọ́? Kí lò ń bá wọn ṣe níbẹ̀?"

Mo ní, "Mò ń bá wọn fọ búrọ́ọ̀ṣì ni, Màámi."