Ọ̀sẹ̀ Tí Àpótí Lẹ́tà Quelhué Kún

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Edelmira Chiguay fi pín lẹ́tà ní erékùṣù Quelhué, láàárín àwọn erékùṣù Chiloé. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìfìwéránṣẹ́ náà pa, wọ́n kó òǹtẹ̀ àti òṣùwọ̀n lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi pákó oníhò mọ́kànlélọ́gbọ̀n sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ní ìdílé tirẹ̀. Edelmira gbé pákó náà lọ sí yàrá ìdáná rẹ̀, ó ń to ife sínú rẹ̀.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ kú, àmọ́ àwọn ènìyàn kò yéé kan ilẹ̀kùn Edelmira. Ilé ìwòsàn ń béèrè àdírẹ́sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn, àwọn tó ń san owó àgbà ń béèrè, ilé ẹ̀kọ́ náà ń béèrè. Olùkọ́ kan tó ń palẹ̀ mọ́ láti fi erékùṣù sílẹ̀ ló bá a ṣí àpótí lẹ́tà ọ̀fẹ́ kan, ó sì fi ọgbọ́n kan hàn án: bí ènìyàn bá fi àmì ìròpọ̀ àti orúkọ ìdílé kún orúkọ Edelmira nínú àdírẹ́sì, lẹ́tà náà kò ní ṣìnà, inú àpótí kan náà ni yóò wọ̀, ẹ̀rọ yóò sì bá a ṣà á sọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Edelmira fi jókòó ti iṣẹ́ náà, tí òjò ń lu páànù lórí rẹ̀. Nígbà tó parí, ihò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti wà nínú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe wà lára pákó, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Kò ná an ní owó pésò kan.

Ohun tó ná an ni orúnkún. Orí òkè ẹ̀yìn ilé ìsìn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dé, nítorí náà àràárọ̀ ni ó ń gun òkè yẹn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó fi ọ̀rá wé lábẹ́ apá. Ẹni tó bá lè gùn ún yóò wá ka tirẹ̀. Ẹni tí kò lè gùn ún, yóò dà á kọ sórí ìwé fún un, yóò sì gbé e dé ilé rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ní Quelhué, ọjọ́ ni a fi ń san ọjọ́: bá mi kọ ebè, èmi náà yóò bá ọ kọ tìrẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń san ọjọ́ lẹ́tà padà.

Òfin kan ṣoṣo ló gbé láti ìgbà èwe rẹ̀ wá. Nígbà tó di ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ó gbé ọwọ́ lé tábìlì níwájú ọ̀gá rẹ̀, ó sì búra pé lẹ́tà tí kì í ṣe tòun, òun kò ní jù ú nù láéláé.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹta, Nolberto Barría fi ọ̀pá tọ ọgbà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ni Nolberto kí funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

“Ìyá Lẹ́tà, ṣé o ti fẹ̀yìn tì ni, tí a ò gbọ́?”

“Ta ló máa jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì, Bàbá? Ẹ rọra, ẹ má fi ọ̀pá yẹn gún adìẹ mi.”

“Adìẹ ni? Mo rò pé ìwọ ni.”

Ọ̀rọ̀ tó gbé e wá kò ní ẹ̀rín nínú. Ọdún mẹ́ta ló ti wà lórí ìlà àwọn tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún. Nọ́ọ̀sì tó ń bá ọkọ̀ ìwòsàn kiri sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ìwòsàn ti fi ọjọ́ ránṣẹ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni lẹ́tà náà sì padà. Bí wọn kò bá rí èsì lẹ́tà gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó pé, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò gba àyè rẹ̀.

Edelmira gun òkè. Ìlà pupa ló pàdé lórí ẹ̀rọ: àpótí ti kún. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí lẹ́tà kankan kò ti wọlé, òun sì rò pé ìkórè ọ̀dùnkún ló pa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, lẹ́tà kò padà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó jókòó sórí òkúta fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbìyànjú láti ṣí àpótí mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ti ṣí èyí tó tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ló fi rìn láti oko dé oko, tó ń bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá kó ẹrù ihò wọn kúrò. Gbogbo wọn dá a lóhùn dáadáa, kò sì sí ẹni tó gbé ọkọ́ sílẹ̀. Fresia Mansilla ni ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù, fídíò ìsàmì àti ti ìsìnkú ló kún inú rẹ̀.

“Ohùn ìyá mi wà níbẹ̀, Màmá, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́. Ẹ jẹ́ kó di Sátidé, màá wá fúnra mi.”

“Ọjọ́ Ẹtì ni ojú Bàbá Nolberto.”

“Òjò náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀dùnkún ò ní àpótí tó máa wọ̀.”

Edelmira kò bá a jà. Òtítọ́ ni òjò ń bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ihò kan ṣoṣo ló kù tí kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni láti kó: ihò Chiguay. Abelino ọkọ rẹ̀ kì í fẹ́ kọ̀wé. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń lọ rẹ́ irun àgùntàn ní Magallanes lọ́nà jíjìn, ohùn ló sì máa ń sọ sínú fóònù ránṣẹ́ sínú ihò náà, títí ọkàn rẹ̀ fi dákẹ́ níbẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Igba ohùn ó lé mẹ́fà ni. Wọ́n gùn, nítorí ó máa ń gbàgbé láti pa fóònù lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ẹ̀fúùfù á máa fẹ́, ajá á máa gbó. Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni Edelmira ń gbọ́ ẹyọ kan, kò sì gbọ́ ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n má baà tètè tán.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí tín-ínrín bí okùn aláǹtakùn. Láti aago mẹ́jọ títí dé ọ̀sán, ẹyọ kan ló délẹ̀. Ó wo ìyókù, ó sàmì sí gbogbo wọn, ó pa wọ́n rẹ́. Ìlà pupa kò kúrò. Ó rántí nígbà náà pé inú ààtàn ẹ̀rọ ni wọ́n ṣì wà, a sì gbọ́dọ̀ da ààtàn náà nù. Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú, nítorí kò ní sí pípadà. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ó pe nọ́ọ̀sì láti orí òkè náà pé kí wọ́n tún lẹ́tà náà fi ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, lẹ́tà wọlé: ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, aago méje àárọ̀. Edelmira fèsì pé Nolberto Barría yóò wá, ó da ọ̀rọ̀ náà kọ sórí ìwé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ kà á fún un.

“Tí ojú yìí bá là,” ni Nolberto wí, “ìwọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ wò, bóyá o burẹ́wà tó bí wọ́n ṣe ń sọ.”

“Ẹ ní kí wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ láìlà, Bàbá. Ẹ ṣàánú mi.”

Nolberto bi í pé ẹrù ta ni ó kó kúrò. Edelmira ní tòun ni.  Bàbá náà àti Abelino jọ kan ọkọ̀ rí.

“Mo jẹ ọ́ ní ọjọ́ kan,” ni ó wí.

“Ẹ kọ́kọ́ ríran ná.”

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ìdílé tò gun òkè tọwọ́tẹsẹ̀ bí wọ́n ti ṣèlérí, Fresia sì gbé mílkáo, àkàrà ọ̀dùnkún, gbígbóná dání. Edelmira na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wo bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbá ihò tirẹ̀. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn. 

Ní ọjọ́ Àìkú, ó tan ohùn kan ṣoṣo tó kù. Abelino ní abo àgùntàn kan ń tiro, ó ní oúnjẹ ibẹ̀ kò níyọ̀, ó béèrè bóyá Edelmira ti rí ẹni bá a tún fèrèsé ṣe. Ìyókù jẹ́ ẹ̀fúùfù. Edelmira gbọ́ ọ dé òpin, ó fi aṣọ borí, ó sì gba ilé Nolberto lọ.

“Bàbá, mo ti mọ ohun tí mo máa fi ọjọ́ tí ẹ jẹ mí ṣe. Tí ẹ bá ti ríran, ẹ wá bá mi tún fèrèsé kan ṣe.”

“Fèrèsé wo?”

“Èyí tó kọjú sí òkun.”

“Mo rò pé Abelino ti tún ìyẹn ṣe.”

“Rárá,” ni Edelmira wí. “Ó ṣì ń béèrè ni.”