Kọ̀ǹpútà Ẹnu Ọ̀nà

Òórùn eruku gbígbóná ni mo fi ń rántí ṣọ́ọ̀bù yẹn, eruku ojú títì tó máa ń wọ inú kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ á yan án bí ẹni yan àgbàdo, tí fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa fẹ́ ẹ sí wa lójú. Ìkìrun ni, nítòsí ibi tí àwọn mọ́tò Òkukù ti ń kó èrò, nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò lọ jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ mi yá nídìí títẹ lẹ́tà, mi ò sì fẹ́ràn àṣìṣe. Ọ̀gá wa kì í sábà jókòó níbẹ̀. Èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì la jọ ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà méjì la ní. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ó lágbára, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló wà, Géńdé la sọ ọ́. Èkejì ti gbó, ẹnu ọ̀nà la gbé e sí, Ẹnu Ọ̀nà náà la sì ń pè é. Tí o bá gbé iṣẹ́ tó wúwo fún un, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru igi gun òkè.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ga jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Èmi ni mo yí i padà. Mo ta okùn kan sára ògiri, mo ra pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ. Oníbàárà bá wọlé, màá bi í pé aago mélòó ló fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀, màá kọ aago náà sí ìwé pélébé, màá fi pẹ́ẹ̀gì há a mọ́ okùn. Ẹni tí aago rẹ̀ bá súnmọ́ jù ló ń gba Géńdé. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣì jìn, Ẹnu Ọ̀nà ni tirẹ̀. N kò wo olówó, n kò wo ẹbí. Ọmọbìnrin yẹn máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Àǹtí, tí ikú bá wá pè yín, ẹ ó ní kó kọ́kọ́ kọ aago rẹ̀ sílẹ̀." Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Inú mi máa ń dùn tí mo bá wo okùn yẹn. Mo rò pé òdodo ni mo ta sára ògiri.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, aago mọ́kànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, màmá kan wọlé láti Òkukù. Wọ́n tú ìṣẹ́tí ìró wọn, wọ́n yọ káàdì kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Fídíò ló wà nínú rẹ̀, aládùúgbò wọn ló fi kámẹ́rà gbà á sílẹ̀ fún wọn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní òkè òkun, wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un lọ́jọ́ náà. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wa níbí ni wọ́n máa gbé e wọlé.

"Ọdún mẹ́fà ni mi ò fi dá a lóhùn nítorí ọkọ tó fẹ́," wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye ọmọ tó bí. "A ti ń kíra báyìí, àmọ́ kíkí lásán ni. Ohun tó yẹ kí n sọ ló wà nínú káàdì yìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sọ ọ́. Mo ti ní kó gbọ́ ọ kó tó wọlé."

Mo ní kí wọ́n kúkú pè é, kí wọ́n sọ ọ́ fún un. Wọ́n mi orí. "Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹkún ni màá sun, mi ò ní lè sọ nǹkan kan."

Fídíò náà tóbi ju ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa lè gbé. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di kékeré ká tó lè fi ránṣẹ́. Mo kọ aago márùn-ún sílẹ̀, mo há a mọ́ okùn. Ìwé mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ gba lẹ́tà rẹ̀ ní aago méjìlá. Àwọn méjì mìíràn fẹ́ gba tiwọn kí aago mẹ́ta tó lù. Alàgbà ìjọ kan láti Inísà sì fẹ́ gba ìwé ètò ìkórè ní aago mẹ́rin. Ìlànà ni ìlànà. Ẹnu Ọ̀nà ni mo gbé fídíò màmá fún.

Ohun tí n kò rò nìyí. Lẹ́tà kì í wúwo lára kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń pẹ́. Ní gbogbo ọ̀sán yẹn, Géńdé kàn jókòó ni, ó ń retí ìka mi láti lẹ́tà kan dé èkejì, nígbà tí èyí tó ti darúgbó ń ru ẹrù géńdé lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n kọjú sí i. Nọ́ńbà kékeré kan máa ń yọ lójú ẹ̀rọ láti sọ ibi tí iṣẹ́ dé nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ nọ́ńbà. "Ó ti di mẹ́tàlá." Tó bá tún ṣe díẹ̀, "Ó ti di ogún." Wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka ìgbésẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Iná wà lọ́jọ́ náà látàárọ̀ dalẹ́. Ìyẹn wà lára ohun tó ń dùn mí, torí n kò rí iná dá lẹ́bi.

Nígbà tí aago mẹ́ta lù, ó wà ní méjìlélọ́gọ́ta. Ọmọbìnrin fọ́tòkọ́pì súnmọ́ mi. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé ti màmá yẹn sórí Géńdé."

"Ti alàgbà ló kàn," mo dá a lóhùn. "Tá a bá sì dá a dúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló máa tún bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń da omi tó ti pọn délé nù?"

Ó padà sídìí fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Alàgbà gba ìwé ètò ìkórè rẹ̀ ní aago mẹ́rin géérégé, ó sì yìn mí.

Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ohùn tí ọmọ náà gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ wọlé sórí fóònù màmá, wọ́n tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa sì gbọ́. Ohùn rẹ̀ tutù. "Mọ́mì, kò tíì dé o. Wọ́n ní kí n máa gbé fóònù sílẹ̀ láìpẹ́. Mo ń dúró."

Màmá wò mí. "Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ sọ fún un pé ó ń bọ̀, mà."

Wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ẹnu. "Ó ń bọ̀, ọmọ mi. Ó ti wà lọ́nà." Kò sí ìdáhùn mọ́.

Aago márùn-ún ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá kí Ẹnu Ọ̀nà tó parí. Kó tó di aago mẹ́fà, mo ti fi ránṣẹ́. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì lọ wọ mọ́tò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Òkukù sọ fún wa pé ọmọ náà kò jí.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún wa, Inísà ló ti ń wá. Nígbà tó wá fẹ́ eruku kúrò nínú ẹ̀rọ, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Kò dá mi lẹ́bi. Ó kàn nawọ́ sí fóònù mi. "Àǹtí, eléyìí gbọ́n ju okùn yín lọ." Ó ní ọpọlọ inú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ó dà bí òṣìṣẹ́ mẹ́jọ, mẹ́rin lágbára, mẹ́rin kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pín iṣẹ́ fún wọn kì í wo aago nìkan. Á wo bí iṣẹ́ ṣe wúwo tó, á wá wo ẹni tó lè parí rẹ̀ kí àkókò tó pé. Èyí tí aláìlágbára bá lè parí, á gbé e fún un, kí alágbára lè ráyè fún èyí tó wúwo. Mo ti bi màmá ní aago. N kò bi wọ́n ní ẹrù.

Ó tó oṣù kan kí màmá tó padà wá pẹ̀lú káàdì yẹn. Wọ́n fẹ́ kí fídíò náà wà lórí fóònù tiwọn, kí wọ́n lè máa gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí a máa ń pa iṣẹ́ oníbàárà rẹ́ ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀. Géńdé ni mo gbé e fún. Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ló gbà.

"Ó ti tán?" wọ́n béèrè.

"Ó ti tán, mà."

Wọ́n wo aago ara ògiri. Wọ́n wo Géńdé, wọ́n tún wo Ẹnu Ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀. "Orí èyí ló yẹ kí n gbé e sí lọ́jọ́ náà, mà. Èmi ni mi ò mọ iṣẹ́ pín."

Wọ́n fi ọ̀rá wé káàdì náà, wọ́n sì so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Dìde. Ìwọ, wákàtí kan lo fi pẹ́. Èmi, ọdún mẹ́fà."

Ṣọ́ọ̀bù tèmi ni mo ń jókòó sí báyìí, okùn ṣì wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n kí n tó bi ẹnikẹ́ni ní aago, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé báwo ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe wúwo tó. Àwọn mìíràn máa ń rò pé mò ń ṣàwàdà. Ẹnu Ọ̀nà ti kú tipẹ́, n kò sì dá a lẹ́bi rí. Kò sinmi lọ́jọ́ náà, kò dúró, gbogbo ohun tó ní ló lò. Bí mo bá rántí rẹ̀, kì í ṣe pé ó lọ́ra ni mo ń rántí. Ohun tí mo ń rántí ni pé mo gbé ẹrù náà lé e lórí, mo yí ẹ̀yìn padà, mo sì ń tẹ ìwé ètò ìkórè.