Baba Aláfárá àti Afárá Onígi Rẹ̀

Ọjọ́ tí Baba Aláfárá ní kí alága ìgbìmọ̀ ìlú bọ́ bàtà ni àwọn èèyàn kì í sọ tán.

Alága àti ẹnjiníà méjì wá wo afárá onígi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá odò láyé àtijọ́, bóyá kí wọ́n wó o. Baba Aláfárá, káfíńtà tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógójì tún afárá náà ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, dúró sẹ́nu afárá.

"Ẹ bọ́ bàtà, sà."

"Kí ló dé? Ṣé pálọ̀ yín ni?"

"Rárá o. Ẹ lè wọ bàtà wọ pálọ̀ mi."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ki bàtà mọ́ abíyá, wọ́n ń yọ́ ẹsẹ̀ gbé lórí pákó. Fọ́tò wọn, pẹ̀lú Baba lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, jáde nínú ìwé ìròyìn. Níléèwé tí ọmọ Baba obìnrin ti ń kọ́ni ní ìṣirò, wọ́n bi í pé, "Tíṣà, ṣé bàbá yín rèé?" Ojú tì í. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni."

Baba gbọ́ nílé. "Ẹ̀gbọ́n mi? Ó mà jọ mí o."

Bí dókítà ló ṣe ń yẹ afárá náà wò. Á fi òòlù kan òpó, á fi etí lé e, á mirí. Lọ́jọ́ kan ó délé, ó ní òpó kẹtàdínlógún ń wúkọ́.

"Èmi náà ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì," ìyàwó rẹ̀ fèsì, "ẹ ò gbé etí lé mi láyà."

Nígbà tó yá, ìwé dé láti ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú: igi ìdáná nìkan ni afárá náà wúlò fún. Baba mú ìwé náà lọ bá akọ̀wé wọn.

"Ẹ wọn igi rẹ̀, ó dáa. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá, kò sí àyè fún ọwọ́ nínú fọ́ọ̀mù yìí."

Ọdún mẹ́fà ló fi ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé pé kí wọ́n má wó o. Wọ́n á ní ọ̀gá ò sí. "Ẹ bá mi kí ọ̀gá tí kò sí," ni yóò wí, "ẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì."

Lọ́dún tó kẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ bá a nínú òjò lórí afárá, ó ń pààrọ̀ pákó kan tó ti jẹrà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin!

"Bàbá, ẹ ń tún ohun tí wọ́n fẹ́ wó ṣe!"

"Wọn ò tíì wó o. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ máa gba orí rẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọ̀la."

Òtútù mú Baba lọ́sẹ̀ yẹn. Oṣù ò parí tó fi kú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ìwé dé lórúkọ rẹ̀: afárá náà ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o mọ́. Kí Baba jọ̀wọ́ wá síbi ayẹyẹ, kó mú fọ́tò méjì dání.

Ọmọ rẹ̀ ló lọ. Alága gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé ohun iyebíye ni afárá yìí." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé àga wá, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn ará àdúgbò."

Obìnrin náà dìde. "Sà, ọ̀kan nínú àwọn ará àdúgbò yẹn ti kú. Ó lórúkọ."

"Àkókò ti lọ, ìyá." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí èrò túká, káfíńtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí iṣẹ́ afárá náà tọ̀ ọ́ wá. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Mà, wọ́n ní kí n kọ gbogbo pákó tí wọ́n ti pààrọ̀ sílẹ̀. Mo ti wá èyí tí bàbá yín fi sí kẹ́yìn títí, mi ò rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí."

Obìnrin náà mọ ibẹ̀ dájú, àbí ibẹ̀ kọ́ ló dúró sí tó ń bá Baba jà? Ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra pákó lọ, ó fi rà á bọ̀. Kò sí ojú ìsopọ̀ kankan tí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di omi lójú rẹ̀.

"Ẹ má rò pé mò ń fi pa mọ́ fún yín," ó wí. "Ẹ bá mi wá a."

Káfíńtà náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń fi ọwọ́ wá a títí oòrùn fi rọ̀.