Pákó Àtẹ̀gùn Keje

“Ìyá ọmọ mi, ẹnìkan tún ti tẹ̀ ẹ́. Ṣé o kò gbọ́ ni?”

“Kí ni kí n gbọ́?”

“Àtẹ̀gùn ilé òdìkejì. Ekeje láti ìsàlẹ̀. Ó dún kẹẹ́.”

Ìyàwó rẹ̀ fi bọ́tìnnì tó ń rán sílẹ̀, ó yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn mọ́lẹ̀ sórí àtẹ̀gùn onípákó náà débi pé èèyàn lè kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹ̀dá alààyè kankan lórí rẹ̀.

“Bàbá Alelúyà, kí ẹ tó di àtúnbí, híhanrun yín ni kì í jẹ́ kí n sùn. Ẹ di àtúnbí tán, ó di orin. Wàyí o, ó tún kan àtẹ̀gùn onílé-onílé. Ẹ sáà mọ̀ pé etí méjì péré ni mo bá wá sílé ọkọ.”

Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ a máa pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, kò rẹ́rìn-ín.

Káfíńtà ni ọkùnrin yìí, irú èyí tó ti ń wọ́n lóde báyìí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan ayùn àfi tó bá ti lo ọdún kan gbáko níbi fífi oríkèé ìka lu pákó, kí ó sì máa dẹ etí. Pákó tó péye a fọhùn ketekete. Èyí tó bá là nínú a fọhùn bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu. Lónìí, ojú lásán ni wọ́n fi ń ra pákó.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni ìsọjí dé sí ìjọ wọn. Kó tó dìgbà náà, onígbàgbọ́ ọjọ́ Ìsinmi ni: ó ń gbé Bíbélì lọ, ó ń gbé e bọ̀, kò ṣí i. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹta ìsọjí, ó bá Olúwa pàdé lórí ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà náà, kì í gbé òòlù láìgbàdúrà. Ó ń tún àga àwọn arúgbó ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá àwọn tó ti bú kàn, ó tọrọ àforíjì. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí orin rẹ̀ má ti gba àdúgbò kan. Ayọ̀ náà kì í ṣe àṣehàn, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà: iná tó bá wọ yàrá kì í yan ohun tí yóò tàn sí. Kì í pẹ́ tó bá ti kúnlẹ̀ tí yóò fi gbọ́ ọ: kẹẹ́.

Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, òun ló ṣe àtẹ̀gùn ilé òdìkejì. Ó ku pákó kan ṣoṣo, ìyẹn ekeje, ó sì ń kánjú lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ó fi ìka lu èyí tó kù nílẹ̀. Pákó jẹ́wọ́ pé òun ti là. Ó gbọ́. Ó po àtè mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn dà sílẹ̀, ó fi dí ojú ibi tó là, ó kun ọ̀dà lé e, ó sì lọ jó. Kò pé oṣù méjì tí pákó náà fi dá mọ́ awakọ̀ tó ń gbé lókè ilé náà lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà ṣubú, ó sì kú. Awakọ̀ náà a máa mu ife ọtí kan lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì ni ó sì ṣubú. “Ọtí ló pa á,” ni gbogbo ayé wí. Ìjọ sin ín láìkọ orin kan ṣoṣo. Káfíńtà dúró létí sàréè, ó di fìlà rẹ̀ mú, ó pa ẹnu mọ́. Ẹlòmíràn ni onílé pè wá kan pákó tuntun síbẹ̀, kò sì kàn án bó ti yẹ.

Káfíńtà dìde. “Mo ń lọ sí òdìkejì.”

“Ẹ fẹ́ lọ ṣe kí ni?”

“Mo fẹ́ lọ sọ ohun tí pákó sọ fún mi.”

Ó gun àtẹ̀gùn náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ekeje, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Kò dún rárá. Àyà rẹ̀ já ju ìgbà tó ń dún lọ.

Opó awakọ̀ ń ká aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ti di olùkọ́, ń sàmì sí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Kò tíì tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. Àwòrán bàbá náà wà níbẹ̀, ó kọ ojú sí ògiri.

“Ẹ káàsán, Bàbá Alelúyà,” ni ìyá wí. “Àràárọ̀ ni orin yín ń gòkè wá bá wa. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kì í gòkè.”

“Màmá, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá.”

“Ẹ jókòó ná.”

“N kò lè jókòó.”

Ó sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pamọ́, láti orí ìka tó fi lu pákó títí dórí ọ̀dà. Kò sọ pé iṣẹ́ Èṣù ni. Nígbà tó parí, opó bẹ̀rẹ̀, ó fa nǹkan kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú aṣọ tó fi wé e. Ààbọ̀ pákó ni. Lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà lójú ibi tó là, ó funfun bí ẹ̀yìn eyín.

“Igi tó bá dá fúnra rẹ̀ kì í ní àtè nínú,” ni ó wí. “Ọ̀sẹ̀ tí a sin ín ni mo ti rí i.”

“Ẹ ti mọ̀? Láti ọdún mọ́kànlá?”

“Ta ni yóò gba opó ọ̀mùtí gbọ́? Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ orin, mo sọ lọ́kàn mi pé, bí Ọlọ́run bá wà nínú orin yìí, yóò gbé ọkùnrin yìí gun àtẹ̀gùn mi. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń dẹ etí.”

Bírò ti dúró lọ́wọ́ olùkọ́. “Ṣé Bàbá kò mutí yó lọ́jọ́ náà?”

“Ife kan ni, bí ti àtẹ̀yìnwá. Mo sọ fún ọ, o ní mò ń gbèjà ọkọ mi.”

Ọmọ náà yíjú sí káfíńtà. “Ẹ wà níbi sàréè. Mo rántí. Ẹ̀yin lẹ bá mi nu ojú.”

“Èmi ni.”

“Ẹ má bẹ̀ mí o. Ibi tí wọn kò ti kọrin fún bàbá mi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti lọ sọ ọ́.”

“Lọ́jọ́ Ìsinmi, níwájú gbogbo ìjọ.”

“A ó gbọ́ ná,” ni ọmọ náà wí. Ó dìde, ó sì yí ojú àwòrán náà sí inú yàrá.

Kò sẹ́ni tó sọ pé òun dárí jì í, òun náà kò sì béèrè.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àdúgbò kò gbọ́ orin. Káfíńtà gbé pákó tuntun gun àtẹ̀gùn dé ẹkẹfà. Olùkọ́ sọ̀kalẹ̀ láti òkè, kò kí i, ó di orí kejì pákó náà mú. Ọkùnrin náà fi oríkèé ìka lù ú, ó dẹ etí.

“Kí ló wí?”

“Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ná.”

Wọ́n jọ yí i padà, ó sì tún lù ú.